Kí Ẹ Tó Bá Ọmọ Wí, Ẹ Yẹ Yàrá Wò

Púpọ̀ nínú ohun tí àwa olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ń pè ní ìwàkiwà ọmọ, yàrá ló ń fà á. Ibi tí tábìlì wà, ibi tí a gbé agbọ̀n ohun ìṣeré sí, bí ọmọ ṣe ń dúró pẹ́ tó láìní ohunkóhun lọ́wọ́: inú àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ìjà àti ẹkún ti ń yọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ọmọ ọdún méjì sí mẹ́fà ṣiṣẹ́, n kò sì tíì rí ìbáwí tó ṣiṣẹ́ tó kí a tún yàrá tò.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí eré sísá, torí òun ni ẹjọ́ tí mo ń gbọ́ jù. Olùkọ́ kan ní kí n wá wo kíláàsì òun. Ó ní àwọn ọmọ náà kì í gbọ́ràn, pé láti àárọ̀ títí wọn ó fi lọ sílé ni òun ń pariwo "Ẹ má sáré!" Mo wọlé, mo rí i pé wọ́n ti ti gbogbo tábìlì mọ́ ògiri kí àyè lè gba àwọn ọmọ. Ohun tó wá kù láàárín ni ọ̀nà gbọọrọ kan, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé. Ọmọ ọdún mẹ́rin wo ló máa rí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tí kò ní sá? A gbé pẹpẹ kékeré kan dábùú àárín yàrá, a tẹ́ ẹní sẹ́yìn rẹ̀ fún ìwé àwòrán, a sì gbé tábìlì kan kúrò lára ògiri wá sí apá kejì. Eré sísá rọlẹ̀ láìsí ariwo.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, ọmọ gbọ́dọ̀ sáré. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2019 ní kí ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin máa lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 180 ó kéré tán lójúmọ́, kí 60 nínú rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó máa mú un mí hẹlẹ. Bí ẹ kò bá fún wọn ní ìta, wọn yóò sọ yàrá di ìta.

Pẹpẹ tí ẹ bá fi pín yàrá kò gbọdọ̀ ga débi tí olùkọ́ tó wà lórí ìdúró kò ní rí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó bá ga, ògiri ni kí ẹ kàn án mọ́, torí ọmọ yóò gùn ún.

Ohun tí mo máa ń ní kí olùkọ́ tuntun kọ́kọ́ ṣe ni pé kó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì rẹ̀, kó wo inú láti ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́ta kò tíì ga tó míta kan. Àwòrán tí ẹ fi gbogbo ọ̀sẹ̀ gé tí ẹ sì lẹ̀ mọ́ òkè ògiri, kò sí lójú rẹ̀ rárá. Ìdí àga àti etí tábìlì ló ń dojú kọ ọ́. Nígbà tí Maria Montessori, dókítà ará Ítálì, ṣí ilé ọmọdé rẹ̀ ní àdúgbò San Lorenzo ní Róòmù lọ́dún 1907, ara ohun tó yí padà ni ohun èlò inú yàrá: àga àti tábìlì tí ọmọ lè fúnra rẹ̀ gbé, kọ́bọ́ọ̀dù tí kò ga ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Tiwa ni láti gbé pẹpẹ sọ̀kalẹ̀.

Ẹ wo ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n bá jókòó. Bí ẹsẹ̀ bá ń fì dirodiro, ọmọ yẹn yóò máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ ó sì máa sọ pé kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Àga ni kò bá a mu.

Lórí ohun ìṣeré, ìmọ̀ràn mi kì í dùn mọ́ àwọn tó ní owó láti rà á: ẹ kó ìdajì rẹ̀ pamọ́. Nínú ìwádìí kan láti Yunifásítì Toledo ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2018, wọ́n fi àwọn ọmọ kékeré sí yàrá tó ní ohun ìṣeré 4 nígbà kan, wọ́n sì fi wọ́n sí èyí tó ní 16 nígbà mìíràn. Níbi tó ti jẹ́ 4, àwọn ọmọ pẹ́ nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n sì gbà lò ó. Èyí tí ẹ kó pamọ́, ẹ máa fi pààrọ̀ èyí tó wà níta; ohun àtijọ́ máa ń di tuntun lójú ọmọ. Ṣùgbọ́n fún àwọn ọmọ ọdún méjì, ohun kan náà ni kí ẹ ní ní méjì tàbí mẹ́ta. Ọmọ ọdún méjì kò tíì mọ bí a ṣe ń dúró de "tìrẹ ló kàn", ìwàásù kò sì lè kọ́ ọ. Mo ti rí kíláàsì tí ọmọ ti ń gé ọmọ jẹ nítorí ọkọ̀ pupa kan ṣoṣo. Nígbà tí ọkọ̀ pupa di mẹ́ta, àlàáfíà dé.

Ohun tó bá kéré débi tó lè kọjá nínú ihò páálí tí bébà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń yí mọ́, kò gbọdọ̀ sí lárọ̀ọ́wọ́tó ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Lórí èyí, n kò ní àlàyé kankan láti ṣe.

Ògiri ni àríyànjiyàn wà. Lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Carnegie Mellon kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní yàrá tí ògiri rẹ̀ kún fún ọ̀ṣọ́, wọ́n sì kọ́ wọn ní èyí tí ògiri rẹ̀ ṣófo. Nínú yàrá ọlọ́ṣọ̀ọ́, ojú àwọn ọmọ ń ṣáko ju bó ṣe yẹ lọ, ohun tí wọ́n sì rí kọ́ kéré sí ti yàrá kejì. Àwọn òbí fẹ́ràn ọ̀ṣọ́, mo mọ̀. Òun ni wọ́n ń wò bí wọ́n bá wá fi orúkọ ọmọ sílẹ̀. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń fi ògiri tó wà lẹ́yìn olùkọ́ sílẹ̀ láìní nǹkan kan, mo sì ń lẹ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ fúnra wọn mọ́ èyí tó kù, ní ìwọ̀n ojú wọn.

Bí yàrá bá ti tò tán, ìdádúró ló kù. Kò sí àkókò tí ìjà ń pọ̀ tó ìgbà tí a bá ń kúrò nídìí iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mẹ́ta-mẹ́rin lọ fọ ọwọ́ nígbà tí àwọn yòókù ṣì wà nídìí eré. "Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún" kò ní ìtumọ̀ létí ọmọ ọdún mẹ́ta. "To igi méjì sí i, lẹ́yìn náà a ó palẹ̀ mọ́," ìyẹn yé e, torí ó lè ka méjì.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà nìyẹn. "Má da omi" ń sọ ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀, kò sọ ohun tí ọwọ́ yóò ṣe. "Fi ọwọ́ méjì di ife mú" ń sọ ọ́. Ẹ rìn lọ bá ọmọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ tó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá jù láti òdìkejì yàrá, gbogbo ọmọ ló ń gbọ́ ọ àyàfi ẹni tó ni ín.

Ìrànwọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. David Wood, Jerome Bruner àti Gail Ross tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 1976. Wọ́n wo bí olùkọ́ ṣe ń ran àwọn ọmọ ọdún 3 sí 5 lọ́wọ́ láti fi ègé igi kọ́ ilé ṣóńṣó. Pẹ̀lú ọmọ ọdún 3, fífa ojú rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà ló gba olùkọ́ lákòókò; pẹ̀lú ọmọ ọdún 4, kó fi ẹnu tọ́ka ibi tí kò tọ́; ọmọ ọdún 5 kàn fẹ́ kí ẹnì kan sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ń lò ó báyìí. Bí ọmọ bá ń bá bọ́tìnnì jà, mo kọ́kọ́ dúró. Bí ó bá wojú mi, mo fi ìka hàn án ní ihò. Bí kò bá tíì lọ, mo bá a di ẹ̀gbẹ́ kan aṣọ mú, kí ó fúnra rẹ̀ fa bọ́tìnnì yọ. Ọwọ́ mi kì í dé orí bọ́tìnnì àyàfi bí ẹkún bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ń gba àkókò, mo gbà, torí náà ẹ fi àkókò yẹn kún ètò ọjọ́ yín. Ẹni tó ń kánjú kò lè ṣe é.

Bí ọmọ méjì bá ń fa nǹkan mọ́ ara wọn lọ́wọ́, mo máa ń fi ọwọ́ lé nǹkan náà kó má bàa fò, màá ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ fẹ́ ọkọ̀ yìí, ọ̀kan ṣoṣo ló sì wà." Màá wá dákẹ́. Ó máa ń yà mí lẹ́nu bí wọ́n ṣe ń rí ojútùú. N kì í fipá mú ọmọ sọ pé "jọ̀ọ́, má bínú". Mo máa ń bi í pé kí ló lè ṣe fún ẹni tó ń sunkún, nígbà míì ó máa ń lọ mú ìwé tí ẹni náà fẹ́ràn wá.

Sítíkà àti ẹ̀bùn ńkọ́? Lọ́dún 1973, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí jáde láti ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé tó wà nínú Yunifásítì Stanford. Àwọn ọmọ tó fẹ́ràn àwòrán yíyà, tí wọ́n sì ti ṣèlérí ìwé ẹ̀yẹ fún, kò fi bẹ́ẹ̀ yà á mọ́ nígbà tó yá. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí ẹ̀bùn kàn bá lójijì. N kò ní kí ẹ má fún ọmọ ní nǹkan rárá. Ohun tó ti fẹ́ràn láti ṣe ni kí ẹ má ṣe sanwó rẹ̀.

Ẹni tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, kó ya àwòrán kíláàsì rẹ̀ sórí bébà. Fún ọ̀sẹ̀ kan, kó fi àmì síbi tí ìjà tàbí ẹkún bá ti ṣẹlẹ̀. Àwọn àmì náà yóò kó jọ síbì kan, nídìí pẹpẹ kan tàbí lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó sì máa yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan kó lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Kó sì sọ fún àwọn ọmọ ṣáájú, torí àwọn kan máa ń sunkún bí wọ́n bá dé láàárọ̀ tí pẹpẹ kò sí níbi tí wọ́n fi í sí.