Fọ́nrán 1,000 wo?

Àǹtí mi na aṣọ ìbùsùn tuntun sí mi lánàá: "Fọwọ́ kàn án, wo bó ṣe rọ̀! Òwú Íjíbítì, fọ́nrán 1,000!" Ẹ̀rín pa mí. Ẹ gbọ́, ẹ má fi rírọ̀ nìkan dán aṣọ wò. Nígbà mìíràn, kẹ́míkà ni wọ́n fi mú un rọ̀. Tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ díẹ̀, ó ti lọ. Iye 1,000 yẹn, ìyẹn iye fọ́nrán òwú tí wọ́n ní ó wà nínú ínǹṣì kan níbùú àti lóròó aṣọ, ńkọ́? Wọ́n á lọ́ òwú tín-ín-rín méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, wọ́n á wá kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. 300 tó jẹ́ ojúlówó tẹ́ mi lọ́rùn jù ú lọ.

Mo yí etí aṣọ náà padà, mo ka lébẹ̀ẹ̀lì: pọlisítà, tí kì í ṣe òwú rárá, ló pọ̀ jù níbẹ̀! Ṣé ẹ rántí pé lọ́dún 2016, Target, ilé ìtajà ńlá ní Amẹ́ríkà, bá Welspun tó ń ṣe aṣọ ìbùsùn fún wọn pín gaàrí torí irú ọ̀rọ̀ òwú Íjíbítì yìí?

Àǹtí mi bá tún gbé táwẹ́lì jáde. Mo kán omi sí i, ó ń yí gbirigbiri bí omi orí ewé kókò. (Fífọ̀ lè tún ìyẹn ṣe o.)

Àǹtí mi ti ń wá rìsíìtì báyìí.