Ohun tí ìwé nọ́ńbà fóònù kọ́ mi nípa ìpolówó ọjà ní àkókò ọ̀wọ́ngógó

Láfún àti gààrí ni mò ń tà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní àdúgbò Under G, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH ń gbé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré sọ ni pé, nígbà tí owó bá wọ́n lọ́wọ́ aráàlú, ẹ má ṣe dákẹ́ ìpolówó, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ máa polówó fún àwọn tí wọ́n ti rajà lọ́wọ́ yín rí, kí ẹ sì jẹ́ kí òtítọ́ nípa òṣùwọ̀n àti iye owó jẹ́ ara ìpolówó náà. Ojú mi rí màbo kí n tó mọ èyí.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, lítà epo kan tí iye tí ìjọba fi lé e lórí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ sún mọ́ 500 náírà láàrin ọjọ́ mélòó kan. Ọkọ̀ tó ń kó láfún wá fún mi láti apá Ìkòyí-Ilé fi owó lé owó. Ọlọ́kọ̀ kò jẹ̀bi, àgbẹ̀ kò sì jẹ̀bi. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn oníbàárà yóò sá bí mo bá fi owó lé ọjà, nítorí náà mo fi iye owó ọ̀rá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe wà, mo sì rọra ń dín ohun tó wà nínú rẹ̀ kù láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Owó tí mo rí níbẹ̀ ni mo fi sanwó ìpolówó lórí rédíò. Àwọn tuntun wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn àtijọ́ ń dín kù, n kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Ìyá àgbà kan tó ti ń ra láfún lọ́wọ́ mi láti ọjọ́ pípẹ́ ló là mí lójú. Ó gbé ọ̀rá tó rà padà wá, ó ní kí n wọ̀n ọ́n lójú òun. Mo wọ̀n ọ́n, kò kún kóńgò. Ó ní, “Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, ká ní o sọ fún mi pé ọjà ti wọ́n ni, ǹ bá fi owó kún un. Ta ni kò mọ̀ pé ìlú le? Èyí tí o ṣe yìí ni n kò lè gbà.” Ojú tì mí gidigidi. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sì wọn odindi kóńgò fún un.

Ìwé kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí owó bébà di ọ̀wọ́n nítorí pípààrọ̀ owó náírà, àwọn èèyàn ń fi fóònù sanwó, ìròyìn báńkì kì í sì tètè wọlé. Mo máa ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà oníbàárà sílẹ̀ kí n lè pè é bí owó náà bá pẹ́. Nígbà tí owó bébà tún délẹ̀, mo ju ìwé náà sínú àpótí. Orúkọ tó lé ní 200 ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn jẹ́ ẹni tí a jọ fọkàn tán ara wa nígbà tí nǹkan le. Mò ń sanwó kí wọ́n bá mi wá àlejò lórí rédíò, nígbà tí àwọn wọ̀nyí wà nínú àpótí mi.

Mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bíi mẹ́wàá lójúmọ́. Mo jẹ́wọ́ pé mo ti dín òṣùwọ̀n kù, mo sọ iye tuntun tí odindi kóńgò yóò máa jẹ́, mo sì bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ra oúnjẹ báyìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ pé owó kóńgò kan kì í wà lọ́wọ́ àwọn lẹ́ẹ̀kan náà mọ́, agolo mílíìkì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni agbára wọn ká. Àwọn ìyálé ilé sọ pé àwọn ti ń dáwó jọ ra àpò kan, kí wọ́n tó pín in. Bí mo ṣe ṣe ọ̀rá kékeré nìyẹn, mo kọ iye agolo tó wà nínú rẹ̀ sí ara rẹ̀ gàdàgbà, mo sì ń bá àwọn tó dáwó jọ pín àpò wọn ní ṣọ́ọ̀bù láì gba kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo WhatsApp, ẹ kíyè sí ohun kan tó jẹ mí níyà: iṣẹ́ tí ẹ bá fi “broadcast” rán sí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀. Odindi oṣù kan ni mo fi ń polówó fún ẹni tí kò gbọ́. Nísinsìnyí, kí oníbàárà tó kúrò níwájú mi, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó fi nọ́ńbà mi pamọ́. Ohùn ni mo sábà máa ń fi ránṣẹ́. Mo ń kígbe ọjà bí ìyá mi ṣe ń kígbe rẹ̀ nígbà tó ń kiri, kí ẹni tí ìwé kíkà nira fún lè gbọ́.

Bí iye owó bá fẹ́ yí padà, mo máa ń sọ ọ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Fún oṣù Kẹfà ọdún 2024, àjọ NBS, tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, sọ pé owó oúnjẹ fi ohun tó lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Mo fi owó lé ọjà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní àkókò yẹn, síbẹ̀ àwọn tí mo ti sọ fún kò bínú. Àwọn mìíràn tètè wá rà kí ọjọ́ náà tó pé.

N kò sì jẹ́ kí èènì parẹ́. Mo dín in kù sí ẹ̀kúnwọ́ kan, ṣùgbọ́n mo ń fún gbogbo ẹni tó bá rajà, títí kan ọmọdé tí wọ́n rán níṣẹ́.

Nígbà tí LAUTECH bá wọ ìsinmi, tí Under G dá páropáro, ìwé yẹn náà ni mo fi ń mọ ará ìlú yàtọ̀ sí akẹ́kọ̀ọ́. Mo máa ń pe àwọn ará ìlú ní ìparí ọ̀sẹ̀, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ a sì gun ọ̀kadà gbé ọjà lọ fún àwọn tó wà ní Sábó. Iye tí ọ̀kadà yóò gbà ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ, kí wọ́n tó sọ iye kóńgò tí wọ́n fẹ́.