Ọjọ́ Tí Kílọ́ọ̀ṣì Wọlẹ̀ Tí Kò Padà

Ní òwúrọ̀ yìí, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì (ohun tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kí a tó yí jíà) ọkọ̀ Mazda MX-5 mi ti ọdún 1990, ó wọlẹ̀ pátápátá, kò sì padà sókè mọ́.

Mo fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà sókè, mo ki àga irin sí i nídìí (n kò jẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé ró láéláé), mo sì tan tọ́ọ̀ṣì sí sílíńdà kékeré tó wà lára àpótí jíà, èyí tí òróró ń tì kí kílọ́ọ̀ṣì lè ṣiṣẹ́. Bí mo ṣe ká rọ́bà ẹnu rẹ̀ sẹ́yìn ni òróró dúdú bí aró dà sí mi lọ́wọ́. Òróró bíréèkì ni kílọ́ọ̀ṣì yìí ń lò, òróró náà a sì máa fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìyẹn ló jẹ́ kí inú sílíńdà náà dípẹtà títí ó fi jẹ òrùka rọ́bà inú rẹ̀. Ọjọ́ orí ló fà á; ọkọ̀ náà kò jẹ̀bi.

Nọ́ọ̀tù méjì péré ló dè é mọ́ àpótí jíà; mo tú u, mo sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Lílé afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú òróró ló gba sùúrù: ọmọ mi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, èmi ń tú ìdérí ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde lára sílíńdà náà, mo ń dé e, ojú mi kò sì kúrò lára rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìfófòó ń gbà kọjá, títí ìfófòó náà fi kéré bí orí abẹ́rẹ́, tó wá dáwọ́ dúró. Nígbà tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ̀ ẹ́, ó ti ẹsẹ̀ mi padà. Inú mi dùn dé ìsàlẹ̀ ọkàn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ń tún irú ọkọ̀ àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe nílé, ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí yín rí?