Tí iná bá lọ, kí ni ewébẹ̀ yín máa mu?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé fúláàtì bíi tèmi, tí ẹ ò nílẹ̀ tẹ́ ẹ lè fi ọkọ́ kàn, tẹ́ ẹ wá fẹ́ máa gbin lẹ́tùùsì àti efinrin sínú omi nínú pálọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó fowó ra ohunkóhun, ìbéèrè kan ni kẹ́ ẹ bi ẹni tó fẹ́ tà á fún yín: tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, báwo lomi ṣe máa dé ìdí ewébẹ̀ mi? Tó bá ti ní "Mà, ẹ fọkàn balẹ̀", ẹ dìde ńbẹ̀.

Èmi béèrè o. Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mi ò béèrè. Ẹni tó wá to páìpù funfun mọ́ ògiri fún mi, tó lu ihò sí i, tó ki kọ́ọ̀pù oníhò bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní níwọ̀n ìgbà tí àdúgbò wa ti wà ní Band A, kò séwu. Band A! Wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n ṣèlérí fún Band A nígbà tí wọ́n fowó kún owó iná lọ́dún 2024, ìyẹn tí wọ́n bá mú ìlérí ṣẹ. Wákàtí 4 tó kù ńkọ́? Omi inú páìpù yẹn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ó kàn ń ṣàn kọjá lábẹ́ gbòǹgbò ni, pọ́ọ̀ǹpù ló ń fà á wá látinú bọ́kẹ́ẹ̀tì, tí pọ́ọ̀ǹpù bá ti dákẹ́, gbogbo ẹ̀ á ṣàn padà, páìpù á ṣófo. Nínú ooru Èkó yìí, wákàtí díẹ̀ ti tó.

Tiránsífọ́mà wa bú lọ́jọ́ Fúráìdè, èmi ti wà n'Íjẹ̀bú níbi òkú. Ìyá tó ń gbé ìsàlẹ̀ pè mí pé iná ti lọ, ẹran inú fíríìsà ni mò ń rò, ewébẹ̀ ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Alẹ́ Sọ́ńdè ni mo wọlé. Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, gbogbo lẹ́tùùsì ti dùbúlẹ̀ sórí páìpù, ewé rọ̀ bí àkísà tí wọ́n fi nulẹ̀. Mo fa kọ́ọ̀pù kan yọ, gbòǹgbò tó funfun báláú kí n tó kúrò nílé ti di pupa rúsúrúsú, ó lẹ̀ mọ́ ike, mo fọwọ́ kàn án, ó ń rún. Mo gbé jọ́ọ̀gì, mo ń da omi sí wọn nídìí níkọ̀ọ̀kan, nínú òkùnkùn, mò ń bá wọn sọ̀rọ̀ bíi wèrè, nígbà tó di àárọ̀ kò sí èyí tó gbórí sókè nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ oníṣáwámà tó wà ní ìkòríta ti sanwó díẹ̀ sílẹ̀ fún mi lórí wọn. Mo pe ọ̀gá tó tò ó, ó ní ó yẹ kí n ní ínfátà. Ìgbà tó ń gbowó, kò mẹ́nu ba ínfátà.

Ohun tó wá dùn mí jù ni pé efinrin tí mo gbìn sínú rọ́bà pẹ́ńtì lẹ́bàá fèrèsé kíṣìnnì, tí mi ò náwó lé lórí, ó dúró digbí. Kò mọ̀ pé iná lọ.

Ọgbọ́n rọ́bà yẹn, Bernard Kratky ti Yunifásítì Hawaii ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pè é. Kò sí pọ́ọ̀ǹpù, kò sí wáyà. Ẹ po ajílẹ̀ olómi mọ́ omi nínú rọ́bà, ẹ lu ihò sí ọmọrí, ẹ ki kọ́ọ̀pù bọ̀ ọ́ kí ìdí ẹ̀ ṣáà kan omi. Bí ewébẹ̀ bá ṣe ń mu ún ni omi á máa lọ sílẹ̀, gbòǹgbò tó wà lókè á máa mí, èyí tó wà nísàlẹ̀ á máa mu. Ẹ má tún rọ ọ́ kún dé ẹnu o, ẹ máa rì èyí tó ti ń mí. Rọ́bà lítà 4 tó lẹ́tùùsì kan títí dé ìgbà tẹ́ ẹ máa ká a. Tòmátò máa ń mu gan-an, bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20 ni tiẹ̀, ẹ ó sì máa bu omi kún un díẹ̀díẹ̀.

Rọ́bà wo lẹ máa rà? Èyí tí ìmọ́lẹ̀ ò lè wọ̀. Ẹ gbé e sójú oòrùn, tẹ́ ẹ bá ń rí òjìji ọwọ́ yín láti inú, ẹ kùn ún ní dúdú, kẹ́ ẹ tún wá kùn ún ní funfun lé e kó má baà gbóná, torí omi gbígbóná ò gba afẹ́fẹ́ dúró, ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti ń jẹrà. Èyí tó mọ́lẹ̀ gaara dára lójú, àmọ́ nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ máa kún inú ẹ̀. Tuntun ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti da kẹ́míkà sí rí. Ẹ má lo páànù, ajílẹ̀ máa jẹ ẹ́. Kí ọmọrí dé dáadáa o, tàbí kẹ́ ẹ máa sin tanwíjí.

Àwọn kan á ní àwọn fẹ́ràn èyí tó ń hó, tí ẹ̀rọ kékeré ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi. Ó dáa, ewébẹ̀ á yára. Kẹ́ ẹ ṣáà ra ẹ̀rọ tó ń lo pawabáǹkì, àwọn tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ní in. Tíná bá lọ, ó kéré tán gbòǹgbò ṣì wà nínú omi, kì í ṣe nínú páìpù òfìfo. Èyí tó ń fi òwú fa omi náà wà, kò nílò iná, efinrin máa ń ṣe dáadáa níbẹ̀.

Mo ti tún gbin òmíràn, rọ́bà ni gbogbo ẹ̀, oníṣáwámà ti gba tiẹ̀. Páìpù ẹ̀ẹ̀kan ṣì wà lára ògiri. Ẹni tó bá ní sólà tó fẹ́ rà á, kó wá, àmọ́ òun ló máa tú u fúnra ẹ̀.