Ìgbéyàwó Ni Mo Torí Ẹ̀ Lọ Ògbómọ̀ṣọ́, Koríko Ló Bá Mi Jà

Ó tó ọjọ́ mẹ́sàn-án báyìí tí mo ti dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró kí inú mi rọ̀ kí n tó kọ èyí, torí ká ní alẹ́ ọjọ́ tí mo dé ni mo kọ ọ́ ni, èébú ni ì bá kún inú rẹ̀. Ojú mi tó wú ti wálẹ̀. Imú mi ti là. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣègbéyàwó, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá: ìdána lọ́jọ́ Ẹtì, ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Èmi ni mo pọn ọmọ yìí nígbà tí ìyá rẹ̀ ń kàwé lọ́wọ́. "Mọ́mì kékeré" ló ń pè mí títí dòní. Kò sí ohun tó lè mú kí n fi owó ránṣẹ́ kí n jókòó sí Èkó.

Èkó sí Ìbàdàn kò ní ìtàn, mo sùn ni. Òjóò ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ní gáréèjì, ₦9,500 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní torí pé ọkọ̀ náà ní éésì ni. Bí a ṣe kọjá Mónìyà báyìí ni dẹ́rẹ́bà pa éésì, ó ní ó ń jẹ epo jù. Gbogbo èrò bá ṣí fèrèsé. Tèmi kò tilẹ̀ ṣeé tì mọ́, ibi tí wọ́n máa ń dì mú lára dígí rẹ̀ ti kán. Mo ní, "Bọ̀dá dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́ sà, owó éésì ni mo san, atẹ́gùn yìí kò bá mi lára mu." Kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Àǹtí, atẹ́gùn Ọlọ́run nìyẹn, ọ̀fẹ́ ni." Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ẹni tó bá ti gba owó nǹkan, kó ṣe nǹkan náà.

A kọjá Fìdítì, a kọjá Ọ̀yọ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Èèsún ti ga ju bọ́ọ̀sì lọ, gbogbo koríko ti yọ orí, atẹ́gùn á wá máa fì wọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ìgbà tí ọba bá ń ju ìrùkẹ̀rẹ̀. Ó rẹwà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí a wọ àárín wọn tí àjà ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Lẹ́yìn náà, ihò etí. Lẹ́yìn náà, ojú. Nígbà tó yá, omi ń dà nímú mi bí ẹ̀rọ omi tí wọn kò tì pa.

A kò tíì dé Odò Ọbà tí bẹ́líìtì ọkọ̀ fi já. Ẹ́ńjìnnì gbóná, èéfín bo iwájú, dẹ́rẹ́bà wọ́ ọkọ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, ó ki í bọ inú koríko. Kọ́ńdọ́ gun ọ̀kadà padà sí Ọ̀yọ́ láti lọ ra bẹ́líìtì mìíràn. Wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú la fi dúró níbẹ̀. Mo kà á, torí pé n kò rí nǹkan mìíràn ṣe ju kí n máa wo aago kí n máa sín lọ.

Mo sín mọ́kànlá láìdúró. Ìyá kan tó ń gbé tòmátì lọ ní òtútù ló mú mi, ó bọ́ ìborùn ara rẹ̀ fún mi. Ọlọ́run yóò bo òun náà láṣọ. Obìnrin kejì ní ẹnì kan ló ń dárúkọ mi nílé, kí n fọkàn balẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan wá nawọ́ sí àwọn òdòdó yẹ́lò tó gba ẹ̀bá ọ̀nà lódì kejì, àwọn tó máa ń tanná yọ̀ọ̀ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń súnmọ́lé. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, òdòdó yẹn ló ń ṣe ọ́. Sún kúrò níwájú rẹ̀, wá jókòó lápá ibí." Apá ibí tí wọ́n ń wí yẹn, ìdí èèsún ni. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá, mo gbé báàgì mi, mo lọ jókòó síbẹ̀. Nígbà tí kọ́ńdọ́ fi dé, ojú mi ọ̀tún ti wú pa.

Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Bí mo ṣe bọ́ọ́lẹ̀, kẹ́míìsì tí mo kọ́kọ́ rí ni mo wọ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ kò bi mí bóyá mo ní àìsàn mìíràn lára, kò bi mí bóyá mo lóyún, kò bi mí pé oògùn wo ni mo ti lò. Ó ṣáà ń bu oògùn láti inú ìgò kan sí òmíràn, oríṣi mẹ́fà, ó dà wọ́n sínú ọ̀rá, ó ní kí n lo gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ lálẹ́. ₦4,200. Mo bi í pé kí ni orúkọ wọn, ó ní, "Oògùn kátà ni, mà." Ara ń ni mí, mo fẹ́ sinmi, mo san owó. Bí ẹ bá rántí ohun kan nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí: oògùn tí kò lórúkọ, ẹ má fi sẹ́nu.

Ilé Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n màmá wa, ni mo dé sí. Wọ́n ti ro láfún sílẹ̀ dè mí. Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, níbi tí wọ́n gbé ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan! Láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni mo ti ń ronú láfún yẹn. Ó funfun, ó ń jó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú abọ́, ewédú wà lórí rẹ̀, ọbẹ̀ ata òun ẹran ìgbẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. N kò gbóòórùn nǹkan kan. Mo bu òkèlè, mo gbé e mì, kò yàtọ̀ sí pé mo ń gbé òwú mì. Òórùn láfún pàápàá, èyí tí èèyàn máa ń gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà, n kò gbọ́ ọ. Ìyá Àgbà ń wò mí, wọ́n ní, "Ṣé kò dùn ni?" Mo ní ó dùn mà. Mo jẹ ẹ́ tán nítorí tiwọn.

Mo wá lo oògùn inú ọ̀rá.

Aago mọ́kànlá àbọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni mo lajú. Aago mẹ́sàn-án ni ìdána bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn jí mi lẹ́ẹ̀mẹta, pé mo dáhùn, pé mo tún sùn padà. N kò rántí ọ̀kan. Wọ́n ti ka lẹ́tà, ọmọ ti kúnlẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀, ó ti mú Bíbélì láàárín ẹrù ìdána, ó ti dé fìlà fún ọkọ rẹ̀. Wọ́n ní ó sọ fún alága pé kí wọ́n dúró de Mọ́mì kékeré díẹ̀, alága ní àkókò ti lọ. Ọmọ tí mo pọn. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún, ìyẹn kì í sì í ṣe ti koríko.

Ìyá Àgbà kò mọ ohun tí wọn kò ní ṣe fún mi lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi róòbù pa mí nímú àti láyà. Ó ń tutù, ó dà bíi pé imú fẹ́ là, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ó tún dí. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ fọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tí mo sùn lé, táwẹ́lì mi àti aṣọ tí mo wọ̀ dé. Oòrùn mú, wọ́n sá gbogbo rẹ̀ sórí koríko lẹ́yìn ilé kó lè tètè gbẹ. Lálẹ́, mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì yẹn padà, mo sùn lé e. Òru ọjọ́ yẹn ló burú jù nínú gbogbo ìrìnàjò náà. Ìjókòó ni mo fi sùn mọ́jú, ẹnu ni mo fi ń mí.

Ọ̀rẹ́ ìyàwó tó wá bá wa wé gèlè láàárọ̀ Àbámẹ́ta ló yọ mí. Apoògùn òyìnbó ni, ọmọbìnrin náà kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó wo ojú mi nínú dígí, ó gbé gèlè sílẹ̀. Ó bi mí bóyá ara mi gbóná. Rárá. Ṣé ó ń yún mi? Gan-an ni. Ṣé bó ṣe ṣe mí nìyí nígbà tí mo wá ní oṣù kan náà lọ́dún méjì sẹ́yìn? Mo rò ó, ọkàn mi lọ síbẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni. A ní omi Ògbómọ̀ṣọ́ ni nígbà náà.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ti rí ìrùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo. Bí ẹ bá gbọ̀n ọ́n sọ́wọ́, kí ló máa ń dà?" Mo ní lẹ́búlẹ́bú. Ó ní ohun tí orí èèsún ń dà nìyẹn, pé ọmọ ìyá kan ni àgbàdo, ìrèké, ọkà bàbà àti koríko ẹ̀bá ọ̀nà. Mo sọ ti òdòdó yẹ́lò fún un. Ó mi orí. Ó ní òdòdó tó bá dára tó bẹ́ẹ̀, kòkòrò ló fi ń tan. Lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀ wúwo, ẹsẹ̀ oyin ló máa ń lẹ̀ mọ́. Koríko kò ní ẹwà tó máa fi pe oyin, atẹ́gùn ló gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún, ìdí nìyí tí tirẹ̀ fi fúyẹ́ tó ń fò kiri tí èèyàn ń fà á símú. Ara ẹlòmíràn kò kà á sí. Tèmi kà á sí ọ̀tá, ó ń tú ohun tí wọ́n ń pè ní histamine sílẹ̀ láti bá a jà, histamine yìí ló ń fa yíyún, sísín àti omi ojú. Kì í ràn. Kì í ṣe òtútù. Kì í ṣe aráyé.

Ó ní kí n mú ọ̀rá oògùn wá. Ó dá mẹ́rin mọ̀ nínú mẹ́fà. Kápúsù pupa òun yẹ́lò, amoxicillin ni, kòkòrò àrùn ló wà fún, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú koríko. Méjì jẹ́ chlorpheniramine, oògùn ara yíyún tó máa ń múni sùn, tí iléeṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe, oògùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Oorun tó gbé mi lọ́jọ́ ìdána nìyẹn. Ẹ̀kẹrin jẹ́ prednisolone, oògùn sìtẹ́rọ́ìdì, èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fún mi láìjẹ́ pé dókítà kọ ọ́. Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ìlú tí ilé ìwòsàn Onítẹ̀bọmi ti wà láti ọdún 1907, tí wọ́n ń pè ní ti Yunifásítì Bowen lónìí, ẹnì kan jókòó nínú rẹ̀, ó ń da oògùn pọ̀ sí ọ̀rá bí ẹni ń ta ẹ̀pà.

Cetirizine, oògùn tó ń dí histamine lọ́wọ́ tí kì í fi bẹ́ẹ̀ múni sùn, ló rà fún mi, ọ̀kan lójúmọ́, owó páálí kan kò tó ìdajì ohun tí mo san níjọ́sí. Ó ní kí n fi omi tí a ti sè tó sì ti tutù, tí a po iyọ̀ díẹ̀ mọ́, máa ṣan imú. Omi tí a kò sè kò gbọ́dọ̀ wọ imú. Oògùn tí wọ́n máa ń kán símú kó lè là kíákíá, kò yẹ kó ju ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, dídí rẹ̀ á tún wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń hán tàbí tó ní ásímà, ilé ìwòsàn ni kó lọ tààrà. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé níbo la ti sá bẹ́ẹ̀dìṣíìtì.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ dáhùn. Ìyá Àgbà ló sọ̀rọ̀: "Orí koríko ni. Ibẹ̀ la ti ń sáṣọ láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ." Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ara Mọ́mì ni kò gbà á." Ìyá Àgbà kò sọ nǹkan kan mọ́. Wọ́n wọlé lọ, wọ́n mú aṣọ ìbora tuntun láti inú àpótí wá fún mi.

Nígbà tí a fi jó wọ gbọ̀ngàn, ojú mi ti là tó láti rí ọmọ mi kedere. Mo wọ awò dúdú nínú gbogbo fọ́tò, n kò bìkítà. Mo jó títí bàtà fi bó mi lẹ́sẹ̀.

Òjò rọ̀ ní òru. Òjò tó fọ lẹ́búlẹ́bú bọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni apoògùn ṣe wí, mo sì rí i pé òótọ́ ni. Láàárọ̀ Àìkú, mo wà nínú yàrá tí òórùn láfún fi wọlé bá mi. Mo dìde, mo lọ sídìí ààrò, mo dúró síbẹ̀. Ìyá Àgbà ní, "Kí lo ń wá?" Mo ní, "Mò ń gbóòórùn ni, mà." Mo jẹ abọ́ méjì.

Ní gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́, kí n tó san kọ́bọ̀, mo wọ ọkọ̀, mo tì fèrèsé, mo ṣí i, mo tún tì í. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ gáréèjì ń kùn, mo dá wọn lóhùn pé owó mi ni. Àárín ni mo jókòó sí, mo fi ìbòmú bomú. Ọ̀sán ni mo wọkọ̀, n kò tẹ̀lé ọkọ̀ àárọ̀, torí láti òwúrọ̀ títí di nǹkan bí ọ̀sán ni koríko máa ń tú lẹ́búlẹ́bú jáde jù. Bí mo bá tún máa lọ lásìkò bẹ́ẹ̀, màá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò.

Ìyá Àgbà pè mí lánàá. Wọ́n ní àwọn ti ní kí ọmọkùnrin kan so okùn sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ògiri dé ògiri, ibẹ̀ ni wọn yóò ti máa sá aṣọ mi bí mo bá wá fún ọdún Kérésì. Wọ́n ní kí n má gbàgbé láti mú oògùn mi dání, àti pé láfún ń dúró dè mí.