Ẹ Má Fi Ẹnu Ẹ̀rọ Dá Ọmọ Lẹ́bi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ wá ṣe T.P. (ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́) láti yunifásítì Ìjagun, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí i pé àwọn kan nínú yín ti ń da àròkọ àwọn ọmọ SS2 sínú ẹ̀rọ tó ń sọ bóyá èèyàn ló kọ ọ́ tàbí AI (ọpọlọ àtọwọ́dá orí kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn kọ̀wé). Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n kọ èyí. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Èkíní, ẹ má bá AI ṣọ̀tá. Ẹ lè ní kó bá yín ṣe ìbéèrè àkàyé lórí Ojúde Ọba, kíá ló máa ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà dáadáa, torí ó lè fi ayẹyẹ náà sí ọjọ́ Iléyá gan-an, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kẹta Iléyá ni.

Èkejì ni ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ AI yìí. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Rẹ́mọ tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọmọbìnrin kan wà tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀fọ́. Àròkọ rẹ̀ ló dára jù láti gbé lọ síbi ìdíje. Ọ̀gá kan dà á sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ní AI ló kọ ọ́, ni wọ́n bá pe ọmọ jáde ní àsẹ́ńbílì. Mo gbé nóòtù ìṣirò rẹ̀ wá síwájú wọn, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti fi pẹ́ńsù kọ rọ́ọ̀fù àròkọ náà. Ó kọ “discuss about”, ó fa igi lé “about”. Ó kọ “equipments”, ó fi rọ́bà pa “s” rẹ́ títí ìwé fi fẹ́ẹ́ ya. AI wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Wọn ò tilẹ̀ wò ó. Wọ́n ní ẹ̀rọ kì í parọ́. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni gbogbo wọn lọ́jọ́ náà, inú mi kò sì tíì yọ́ sí wọn. Ọmọ mìíràn ni wọ́n mú lọ.

Ẹ̀rọ yẹn kò mọ ẹni tó kọ̀wé. Ohun tó ń wò ni bóyá ọ̀rọ̀ tó kàn jẹ́ èyí tí èèyàn lè rò tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ inú ìwé ló ti kọ́ Òyìnbó, tó ń lo gbólóhùn tí àwa fúnra wa kọ́ ọ, òun gan-an ló máa mú. Ní 2023, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford fi irú ẹ̀rọ méje yẹ àròkọ TOEFL (ìdánwò èdè Òyìnbó) 91 wò, èyí tí àwọn tí Òyìnbó kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ. Ní ìpíndọ́gba, ẹ̀rọ pe èyí tó ju ìdajì wọn lọ ní iṣẹ́ AI. OpenAI, ilé-iṣẹ́ tó ṣe AI tó ń jẹ́ ChatGPT gan-an, gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ tó ń ṣọ́ AI jáde ní Oṣù Kìíní ọdún náà, ó sì kó o kúrò nílẹ̀ ní Oṣù Keje torí pé kò péye.

Ẹ̀kẹta, bí àròkọ kan bá kọ yín lóminú, ẹ pe ọmọ náà sí tòsí. Ẹ ní kó fẹnu ṣàlàyé ìpínrọ̀ kejì, kó sì kọ òmíràn lójú yín. Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, ẹ máa gba rọ́ọ̀fù pọ̀ mọ́ àròkọ, kí ẹ sì fún rọ́ọ̀fù náà ní máàkì.