Mo Jókòó Ti Bàbá Náà Nítorí Burt Lancaster

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá mi bá mi wí lójú gbogbo èèyàn. Ó ní wọn ò gbà mí síṣẹ́ kí n máa wo fíìmù. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo jókòó ti bàbá kan nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Aberdeen níbí, Local Hero ni wọ́n ń wò. Bàbá yìí kì í sábà sọ̀rọ̀ mọ́. Bí Burt Lancaster, òṣèré olórí funfun yẹn, ṣe yọjú, wọ́n nàka sí i, wọ́n ní, "Burt." Ẹ sọ fún mi, ṣé kí n wá dìde ni?

Nílé, ẹni tó dìde fi àgbà sílẹ̀ ni wọ́n ń bá wí. Ẹ rántí bí pálọ̀ ṣe máa ń pa rọ́rọ́ tí Bàbá Fálétí bá yọ nínú Ṣaworoidẹ.

Ìgbà èwe Burt Lancaster ni ayé ń rántí: ọmọ New York tó ti ń tàkìtì ní sákọ́ọ̀sì kó tó bọ́ sí sinimá lọ́dún 1946, tó gba Oscar fún Elmer Gantry. N ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹ̀yìn ìgbà tó lé lọ́gọ́ta ọdún ni eré rẹ̀ tó jinná. Nínú Atlantic City, 1980, arúgbó kan ni, tó ń parọ́ pé òun ti jẹ́ ọ̀daràn ńlá rí. Àwọn jàǹdùkú na obìnrin tó fẹ́ràn níṣojú rẹ̀, kò lè gbà á sílẹ̀. Ìtìjú tó wà lójú rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀dọ́ kankan ò lè ṣe é.

Nínú Local Hero, 1983, ọ̀gá iléeṣẹ́ epo ló ṣe, tó fẹ́ ra odindi abúlé kan ní Scotland. Àwa tá a ti ìlú elépo wá, a mọ irú wọn. Àmọ́ ìràwọ̀ ló wà lọ́kàn ti eléyìí. Ó ní kí ọmọọṣẹ́ tó rán lọ máa bá òun wo ojú sánmà. Kò pẹ́ lójú àwòrán rárá, síbẹ̀ òun lo máa rántí.

Field of Dreams, 1989, ni sinimá rẹ̀ tó kẹ́yìn. Dókítà Graham ló ṣe, ẹni tí kò rí beísíbọ́ọ̀lù gbá tó bó ṣe fẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Lórí pápá idán kan, ó padà di ọ̀dọ́, ó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ kékeré kan wá ṣubú lẹ́yìn ààlà pápá, oúnjẹ há a lọ́fun. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dé ẹnu ààlà, ó dúró díẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan kọjá, Lancaster ló dé òdìkejì, pẹ̀lú irun funfun. Ó gba ọmọ náà là. Kò sì lè padà mọ́. Kò sunkún, ṣe ló ń tu àwọn tó kù nínú.

Èmi ni mo sunkún. Èmi náà gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ní Ìkẹjà lọ́dún 2011. Láti ìgbà náà, bàbá oníbàbá ni mò ń tọ́jú.

Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá mi wí, mo pe bàbá mi lórí WhatsApp. Wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n wà, iná ni ò sí. Mo ní, "Ta ló wà lọ́dọ̀ yín, sà?"

Wọ́n ní, "Ìwọ kọ́ yìí?"